Ojú Ewé Kẹtàdínlógójì

Ní Rovaniemi, oòrùn kò yọ lónìí,
kò yọ lánàá, a kò sì retí rẹ̀ lọ́la.
Òjò dídì ń bọ́ sórí òrùlé, kò dún, kò ké.
Agogo mẹ́rin ìdájí. Àtùpà kan, ìwé kan,
àti èmi Tuulikki Rautiola,
akọ̀wé ìlànà ọkọ̀ òfurufú,
tí n kò lè gun kẹ̀kẹ́ tààrà lórí yìnyín.

Ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ mi.
Mo ń yọ ewé gbígbó, mo ń ki ọ̀tun bọ̀ ọ́,
bí ẹni ń pààrọ̀ eyín lẹ́nu àgbàlagbà
tó ń sùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀.
Oṣù tó kọjá, Urpo Saarelainen gbéra lọ sí Ivalo,
èrò méjìdínlógójì lẹ́yìn rẹ̀:
darandaran kan tó gbé bàtà tuntun lé itan,
ọmọdé kan tó fi imú tẹ gíláàsì fèrèsé títí oorun fi gbé e.
Ẹ́ńjìnnì méjì, ìbejì inú irin,
ọ̀pá méjì níwájú awakọ̀, tí ń bu agbára fún wọn,
àti ẹ̀rọ kan tó ń ti ọ̀pá náà fúnra rẹ̀
kí ọwọ́ ènìyàn lè sinmi.

Ibi ìsinmi náà ni ewu gbà wọlé.
Ọ̀pá ọ̀tún dúró.
Ọ̀pá òsì ń fà sẹ́yìn,
díẹ̀díẹ̀, bí àlejò tó fẹ́ yọ́ jáde níbi àsè.
Agogo kankan kò dún. Iná pupa kankan kò tàn.
Ọwọ́ ọ̀tún ń wẹ̀, òsì ti yọ ara rẹ̀ kúrò nínú omi,
ẹ̀rọ adáwakọ̀ sì ń fi ìyẹ́ bo àṣírí wọn,
ó ń tẹ ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ọ̀nà má baà yẹ̀.
Àṣírí tí a bò fún ọ̀rẹ́, wọn a yìn wá;
èyí tí a bò fún ẹ́ńjìnnì, ikú ní ń jẹ èrè rẹ̀.

Kọfí ló tú u.
Urpo bojú wo ife rẹ̀, ó rí i
pé kọfí ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì dúró síbẹ̀,
bí ẹni fi etí lé ògiri.
Ó wo ọ̀pá. Ó já ẹ̀rọ náà kúrò lẹ́nu iṣẹ́,
ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò wọ́n dọ́gba.
Ọmọdé náà kò jí.

Ojú ewé kẹtàdínlógójì, ìlà kẹfà, ló jẹ̀bi.
Ó ní: awakọ̀ lè wo ọ̀pá méjèèjì.
Lè. Sílébù kan péré.
Ilẹ̀kùn tí a kò tì, tí a kò sì ṣí.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi jókòó lé e lórí,
àwọn ẹnjiníà láti Helsinki, agbẹjọ́rò kan tó ń húkọ́,
Pentti Ylikorpi tó ní kí á má kọ
ohun tí yóò dẹ́rù ba àwọn tó fẹ́ ra ọkọ̀.
Mo ń wò wọ́n, mo ń ro bàtà tuntun lórí itan.

Ní ìdájí yìí, mo pa lè rẹ́.
Mo kọ ọ́ pé: awakọ̀ gbọdọ̀ fi ọwọ́ lé ọ̀pá méjèèjì
nígbà tí ọkọ̀ bá ń gòkè;
bí wọn kò bá dọ́gba, kó já ẹ̀rọ kúrò
kó tó béèrè ìdí.
Gbọdọ̀. Ó wúwo lẹ́nu bí òkúta odò.

Mo gbé ewé náà lọ sínú ọkọ̀ fúnra mi,
bàtà mi ń rún òjò dídì.
Urpo fọwọ́ sí i pé òun ti gbà á.
Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Kọfí ńkọ́?
O ò kọ kọfí síbẹ̀."
Mo ní ìwé ìlànà kò láyè kọfí.
Ó rẹ́rìn-ín, ó bu ife kan,
ó sì gbé e síbi tí ojú rẹ̀ yóò ti máa bá a.